Mo Gbẹ́ Ẹ, Ó Gbẹ

Ilẹ̀ lílu ni iṣẹ́ mi.
Bàbá mi, Kehar, ló kọ́ mi lábẹ́ igi dóńgóyárò
ní Kot Daya, ní Punjab,
níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní,
tí kò sí òkè kan tí ojú lè fara tì.

Lọ́dún tó gbẹ́ kànga fún bàbá ọkọ Nasib,
ogójì ẹsẹ̀ bàtà, omi dé.
Ó tutù, ó ń fò sókè bí ọmọ tí wọ́n pè wá jẹun.
Wọ́n pín ṣúgà ìrèké fún gbogbo àwa tó dúró wòran.
Mo jẹ tèmi, mo lá ọwọ́.

Nígbà tó di ti ọkọ Nasib, ó di ọgọ́fà.
Nígbà tó di ti Jagtar ọmọ wọn, ọ̀ọ́dúnrún ó lé;
bàbá mi ti kú, èmi ni mo di irin mú.
Lọ́dún yìí, Lakhbir ọmọ-ọmọ ló ránṣẹ́ pè mí.
Ọjọ́ mẹ́ta. Amọ̀ pupa, iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́,
amọ̀ mìíràn tí ojú ènìyàn ò rí rí.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.
Omi tó jáde lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń rùn bí irin.
Kò sẹ́ni tó pín ṣúgà.

Mo gbẹ́ ẹ, ó gbẹ.
Mo tún gbẹ́ ẹ, ó tún gbẹ.
Bí ohùn bá gòkè, owó mi ni;
bí ó bá rọlẹ̀ díẹ̀, ọ̀dá ni.
Ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń sanwó fún mi:
bí omi ṣe ń sá lọ sísàlẹ̀ ni ilé mi ń ga.
Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ìrẹsì ni. Àlìkámà la mọ̀ níbí tẹ́lẹ̀, àti ọkà bàbà.
Ìrẹsì ni àlejò tó ní kí a tẹ́ adágún
kí òun tó jókòó.
Ṣùgbọ́n ìjọba ń rà á, ọ̀fẹ́ sì ni iná tó ń fa omi.
Ta ni yóò gbin ohun tí ẹnikẹ́ni ò rà?

Ìyá mi kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìrẹsì láìdáa.
Ó rántí ọdún tí ọkà ń ti òkè òkun wá,
tí wọ́n tò fún un láti òru,
tí Channo àbúrò rẹ̀ sùn lórí ìlà, tí kò jí.
“Gbẹ́ ẹ,” ni ó máa ń wí, “kó dé ibi tó bá dé.
Ẹni tó ti yó ló ń ka ẹsẹ̀ bàtà.”

Mo dúró lẹ́bàá ojú irin nígbà tí wọ́n ń kó o lọ.
Mo ka ọkọ̀ tó so kọ́ra: méjìlélógójì.
Omi ilé Nasib ni, hóró hóró,
tí wọ́n rán mọ́nú àpò.
Ọmọ kan níbì kan yóò jẹ ẹ́ lálẹ́ òní, yóò yó.
Ṣé kí n lọ já àwo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Lẹ́yìn ìkórè, àlìkámà ń kánjú, àyè ò sí;
iná ni alágbàṣe tí kì í gbowó.
Lakhbir ló ṣáná sí pòròpórò.
Lakhbir náà ló gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn nínú èéfín,
ọmọ ń wúkọ́ bí ẹ̀rọ tí kò rí omi fà.

Lánàá, ìyàwó mi fa pọ́ǹpù àgbàlá wa,
èyí tí bàbá mi rì mọ́lẹ̀ kí n tó gbéyàwó.
Ó fà á, ó fà á.
Afẹ́fẹ́ ló dáhùn.
Ó yíjú sí mi, kò sọ nǹkan kan,
ó gbé korobá òfìfo náà wọlé.

Mo wà lábẹ́ dóńgóyárò di ìsinsìnyí,
mò ń ṣírò iye tí máa gbà
lọ́wọ́ ara mi.